Biopsy ọyàn: kí ni dókítà oníṣẹ́ abẹ ń wá nínú kókó?

Bí wọ́n bá ti sọ fún obìnrin pé, "Ẹ lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ nítorí kókó ọyàn yín," ọ̀bẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àyà á já. Ṣùgbọ́n gígé kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ dókítà yìí. Kó mọ ohun tí kókó náà jẹ́ ni, biopsy ló sì fi ń mọ̀ ọ́n: kí wọ́n bu bíńtín nínú ẹran ara ibẹ̀, kí wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.

Kó tó kan biopsy, dókítà á ti fọwọ́ yẹ ọyàn méjèèjì àti abíyá wò, wọ́n á sì ti ya àwòrán. Mammogram ni fọ́tò X-ray ọyàn. Ọyàn ọ̀dọ́ máa ń ki, fọ́tò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn kedere níbẹ̀, nítorí náà ultrasound, àwòrán tí wọ́n ń fi ìró yà, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì tó 40 ọdún. Ọ̀pọ̀ jù lọ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Omi lásán ló wà nínú àwọn kan. Àwọn mìíràn le, wọ́n ń yọ̀ kiri lábẹ́ ìka, wọn ò sì léwu. Síbẹ̀, ìka ọwọ́ kò lè búra.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ ó dùbúlẹ̀, wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú. Ìyẹn á ta yín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń tẹ nǹkan mọ́ yín lára, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín. Wọ́n á máa wo ultrasound bí wọ́n ṣe ń ti abẹ́rẹ́ oníhò lọ bá kókó náà. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń dún "tá!" Dókítà tó láájò á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lófìfo, kí ẹ má baà ta gìrì. Ohun tó mú jáde rí bí òwú ìránṣọ tí a gé kúrú. Wọ́n á mú bíi mélòó kan, wọ́n á kó o sínú ìgò fọ́málínì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, ẹ ó sì máa lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ní bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, ṣe ló máa fọ́n ká. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá: ẹni tó fi àìsàn pamọ́ títí tó fi tàn kálẹ̀, tó wá kú lẹ́yìn biopsy, abẹ́rẹ́ ni ará ilé máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ kọ́. Pípẹ́ yẹn ni.

Èsì biopsy kì í dúró lórí bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ó tún ń sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́: ṣé họ́mọ̀ọ̀nù ló ń bọ́ ọ, ṣé èròjà tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ lára rẹ̀? Èyí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá oògùn ló máa ṣíwájú láti sún kókó náà kì, tàbí iṣẹ́ abẹ. Bí èsì bá sì ní kò séwu, tí àwòrán ń fi ohun tó burú hàn, dókítà tó mọṣẹ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Á ní kí wọ́n tún un mú.

Nígbà kan, wọ́n máa ń ṣe biopsy àti gígé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin á sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láìmọ̀ bóyá ọyàn rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó bá jí. Rose Kushner, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣe, wà lára àwọn tó bá àṣà yìí jà. Ní 1979, ìgbìmọ̀ tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ láàyè láti bi dókítà ní ìbéèrè láàárín èsì àti iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í bóyá kókó nìkan ni wọ́n lè yọ. Ìwádìí tí èsì 20 ọdún rẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú, pẹ́ láyé bí àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn wọn. Ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé èsì náà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé.