Ìmọ̀lára awọ ara àti ọpọlọ

Ìmọ̀lára awọ ara ni agbára tí ènìyàn fi ń mọ̀ bóyá ohun tó kàn án lára gbóná, ó tutù, ó le, ó rọ̀, tàbí ó ń dunni. Awọ ni ohun náà kàn, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni a ti ń mọ̀ ọ́n, nítorí àmì iná mànàmáná nìkan ló ń dé ibẹ̀, ọpọlọ sì ń fi ọ̀nà tí àmì náà gbà wọlé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ata ni ẹ̀rí tó hàn sí gbogbo ènìyàn jù lọ. Ní ṣóńṣó iṣan ìmọ̀lára, àwọn purotéènì kan wà tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tí kálísíọ́mù àti sódíọ́mù á sì gba ibẹ̀ wọ inú iṣan láti dá àmì náà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní TRPV1, tí David Julius àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, máa ń ṣí nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Capsaicin, èròjà tó ń mú kí ata máa ta, ń ṣí òun kan náà, bí ata ọ̀hún tilẹ̀ tutù, ọpọlọ á sì kà á sí ìjóná. Julius àti Ardem Patapoutian, tó ṣàwárí àwọn purotéènì Piezo tó ń mọ̀ bí nǹkan bá tẹ ara, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021.

Àmì ìfọwọ́kàn ń gba inú iṣan tó nípọn, tí ọ̀rá bò, ó sì lè rin mítà 35 sí 75 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìrora tó máa ń pẹ́ lára ń gba inú iṣan tínínrín, níbi tí àmì kì í ti í rìn kọjá nǹkan bíi mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta á ti mọ̀ pé òun kọsẹ̀ kí ìrora náà tó wọ̀ ọ́ lára.

Àmì tó wá láti apá ọ̀tún ara máa ń sọdá sí apá òsì ọpọlọ, ti òsì á sọdá sí ọ̀tún, wọn á gba tálámọ́ọ̀sì, ibùdó kan ní àárín ọpọlọ tó ń ta àmì látaré, kọjá dé èèpo ọpọlọ, níbi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ti ní ààyè tirẹ̀. Ní ọdún 1937, Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Montreal ní Kánádà, àti Edwin Boldrey gbé àwòrán ààyè wọ̀nyí jáde. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ojú ọpọlọ àwọn aláìsàn tí wọn kò kùn lóorun, àwọn yẹn sì ń sọ pé nǹkan ń rìn àwọn lọ́wọ́ tàbí létè, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀. Ètè àti ọwọ́ gba ààyè tó fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ fíìfíì, torí pé iṣan ìmọ̀lára pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀.

Ìpín náà lè yí padà. Lára àwọn tí kò ríran láti kékeré, tí wọ́n ń fi ìka ka ìwé Braille, apá ọpọlọ tí àwọn tó ń ríran fi ń ríran máa ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé.