Ṣé wọ́n ti yọ máàsì kúrò lọ́rùn ọmọ áàtì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà tuntun lórí bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tó ti gba orí fóònù kan ní Òṣogbo ni pé "wọ́n ti fagi lé máàsì." Ọmọ SS2 kan tí mò ń kọ́ wá bá mi, ó ní òun fẹ́ fún àbúrò òun ní ìwé máàsì òun, torí òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, nítorí ọmọ náà lórí pípé. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń bi mí léèrè lọ́tùn-ún lósì. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Kí ni ìjọba sọ gan-an?

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásitì gbọ́dọ̀ ní kírédíìtì márùn-ún nínú àwọn iṣẹ́ tó bá ẹ̀ka rẹ̀ mu, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. Kírédíìtì nínú máàsì ṣì jẹ́ dandan fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ àwùjọ bí i Economics. Ẹni tó ń lọ sí ẹ̀ka áàtì nìkan ni wọ́n tú sílẹ̀. Ní ti poli, kírédíìtì mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè fún ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbà ní poli: ẹni tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ní máàsì, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ áàtì kò wá ní forúkọ sílẹ̀ fún máàsì nínú WAEC mọ́ nìyẹn?

Yóò forúkọ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkéde náà tí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fi jáde tún un sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì àti máàsì. Ẹnu ọ̀nà yunifásitì ni wọ́n ti sún ọ̀pá ìdènà sẹ́yìn díẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú kíláàsì kò yí padà.

UNIOSUN, yunifásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ńkọ́?

Ohun tó kéré jù lọ ni ìlànà ìjọba ń sọ. Ẹ wo ohun tí ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́ wọ̀ ń béèrè gan-an nínú ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB àti lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ tó ṣe ìpinnu kankan.

Bí kò bá ṣe dandan mọ́, kí ló wá ń dùn yín?

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni à ń sọ. Mo ti kọ́ ọmọ tó sọ ní SS1 pé agbẹjọ́rò lòun máa jẹ́, tó sì jẹ́ Economics ló wù ú nígbà tó dé SS3. Bó bá ti pa ìwé máàsì dé láti SS1, kò sí ọ̀nà àbùjá tó lè gbà padà. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń sá lọ sí áàtì kò kan ìfẹ́ ìwé ìtàn tàbí lítíréṣọ̀. Ìbẹ̀rù máàsì ló lé wọn débẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ni a ní láti bá wí, kì í ṣe ọmọ náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé orí àwọn ọmọ kan kò gba ìṣirò?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà dáhùn. Màá kọ 45 sí ojú pátákó, màá ní kí wọ́n pè é ní Yorùbá. "Márùndínláàádọ́ta." Kí ni wọ́n fi márùn-ún dín? Àádọ́ta. Kí wá ni àádọ́ta? Ẹ̀wá tí a yọ kúrò nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Nígbà náà ni màá kọ ọ́ síta fún wọn: 20 × 3 − 10 − 5. Ọmọ tó ní orí òun kò gba ìṣirò ti sọ ogún di púpọ̀ lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ nǹkan kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kó tó pa ẹnu dé.

Kíláàsì á dákẹ́ fẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí wá tiwọn: àádọ́rin jẹ́ 20 × 4 − 10, àádọ́rùn-ún jẹ́ 20 × 5 − 10. Ibẹ̀ ni mo ti ń wọ inú iṣẹ́ gan-an. Kí ló dé tí a fi kọ́kọ́ sọ di púpọ̀ kí a tó yọ? Bí a bá kọ́kọ́ yọ ńkọ́, kí ni yóò jáde? Ìlànà BODMAS, èyí tó ń sọ ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe nínú ìṣirò, tí wọ́n ti há sórí láti JSS1 láìmọ ìdí rẹ̀ ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Kíkà lórí ogún tún jẹ́ ilẹ̀kùn sí iṣẹ́ tí ìwé ń pè ní number bases, èyí tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC. Ọmọ tó bá mọ̀ pé àwọn baba ńlá òun fi ogún ka owó ẹyọ kò ní bẹ̀rù nígbà tí ìwé bá ní kó fi méjì tàbí márùn-ún kà á.

Nítorí náà, èsì mi ni pé rárá. Àwọn tí mo ti rí, ẹnì kan ló ti pè wọ́n ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn nígbà kan, wọn kò sì gbàgbé.

Olùkọ́ tó ní ìṣẹ́jú 40 péré, báwo ló ṣe máa ṣètò rẹ̀ tí oorun kò fi ní gbé àwọn ọmọ lọ?

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ìbéèrè mẹ́ta lójú pátákó: ọ̀kan nínú iṣẹ́ àná, ọ̀kan nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ti sáà tó kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣe fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀. Fi ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fi ń kọ́ wọn ní èrè àti òfò nìyí, iye owó inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lásán.

Ìyá kan ní Ọjà Ọba ra àpò gààrì kan ní ₦60,000. Kóńgò 50 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ta kóńgò kan ní ₦1,500. Èló ni èrè rẹ̀? Wọ́n á yára ṣe é: ₦75,000 ló pa, ₦15,000 ni èrè, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà náà ni màá bi wọ́n pé: ta ló ti ra gààrì rí tí kò gba ènì? Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ká ní ènì tó bù fún àwọn oníbàárà jẹ́ kóńgò mẹ́rin lápapọ̀. Kóńgò 46 ló kù tó rí owó rẹ̀ gbà. Owó rẹ̀ di ₦69,000, èrè di ₦9,000, ìdá 25 sì wálẹ̀ di 15. Kóńgò mẹ́rin péré! Wọn kì í gbà á gbọ́, wọ́n á tún un ṣe. Ìbéèrè tó kàn ni pé èló ni kó máa ta kóńgò kan bí kò bá fẹ́ dín ènì kù, tó sì fẹ́ kí èrè òun padà sí 25? Bí ₦1,630 ni yóò bọ́ sí.

Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń tajà ló máa ń ṣíwájú níbi iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n jẹ́ àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú pátákó lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá ṣe sórí àjákù ìwé, tí yóò fi lé yín lọ́wọ́ kó tó jáde. Ìwé wọ̀nyẹn ni yóò sọ ohun tí ẹ máa kọ́ lọ́la. Ẹ kò ní láti máàkì wọn. Ẹ kàn pín wọn sí òkìtì méjì, èyí tó yé àti èyí tí kò yé.

Ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì mi. Ṣé èyí ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Bí ìbéèrè bá ní A, B, C, D, kí wọ́n fi ìka kan dé mẹ́rin dáhùn ní ìgbáàyà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí kíláàsì pátá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọmọ kò sì ní lè wo ti ẹlòmíràn.

Báwo ló ṣe yẹ kí àwọn ọmọ máa ṣe àtúnyẹ̀wò? Tèmi máa ń ka ìwé máàsì rẹ̀ lálaalẹ́, síbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Kíkà ló bà á jẹ́. A kì í ka máàsì, ṣíṣe là ń ṣe é. Ọmọ tó bá ń wo iṣẹ́ tí olùkọ́ ti ṣe tán, ohun gbogbo á máa dà bí ẹni pé ó yé e, títí wọn ó fi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí àdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe: ó rí i pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ máa ń yára ṣí kúrò lọ́pọlọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àti pé bí a bá ń padà síbẹ̀ lẹ́yìn àlàfo, ó máa ń pẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì mi fi lọ títí dé sáà tó kọjá. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé.

Fún kíláàsì, mo fẹ́ràn wíwá àṣìṣe. Màá kọ iṣẹ́ kan tó ti bàjẹ́ sójú pátákó, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí ibi tó ti bàjẹ́ tó sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ló ni máàkì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé (a + b)² jẹ́ a² + b². Àdìrẹ ni mo fi ń tú u. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aṣọ kan ní igun mẹ́rin dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7. Aládìrẹ fa ìlà sí ibi ẹsẹ̀ 3 lóròó àti ní ìbú. Ojú mẹ́rin ló jáde: ọ̀kan jẹ́ 9, ọ̀kan jẹ́ 16, àwọn méjì tó kù sì jẹ́ 12, 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 49, ìyẹn (3 + 4)², tàbí 7 × 7. Ọmọ tó bá kọ 9 + 16 ti gé ojú méjì aṣọ oníbàárà sọnù. Láti ìgbà tí mo ti ń yà á bẹ́ẹ̀, àṣìṣe yẹn ti dín kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi.

Ayò náà ń ṣiṣẹ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹ fún ihò ní nọ́ńbà láti 1 dé 12. Bí ọmọ ayò 11 bá wà ní ihò 5, ibo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí? 16 ni, ṣùgbọ́n kò sí ihò 16, a yọ 12, ó di ihò 4. Modular arithmetic tó ń lé àwọn ọmọ sá nìyẹn, àwọn bàbá àgbà ń ṣe é lábẹ́ igi lọ́sàn-án.

Fún nọ́ńbà ńlá, ẹ lo Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Hẹ́kítà 75 ni. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di mítà onígun mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́ ní standard form, 7.5 × 10⁵, kí wọ́n wá sọ iye pápá bọ́ọ̀lù tó lè wọ inú rẹ̀ bí pápá kan bá gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní 68. Márùnlélọ́gọ́rùn-ún ló jáde.

Mo gbọ́ pé WAEC gbé èsì tó ní àṣìṣe jáde. Ṣé iṣẹ́ ọmọ mi kò ní jásí asán?

Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Èsì àkọ́kọ́ ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló ní kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti máàsì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, WAEC ní àwọn rí àṣìṣe, wọ́n tún un yẹ̀ wò, iye náà sì di 62.96. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí da ìbéèrè rú nínú iṣẹ́ mẹ́rin, máàsì wà lára wọn, kí ìwé ọmọ kan má bá ti ẹni tó jókòó tì í mu. Wọ́n wá fi ìdáhùn tí kò bá a mu máàkì abala yíyàn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àtúnṣe ti bá a. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òbí fà yọ nínú rẹ̀ ni èyí: bí ìbéèrè bá ti ń dà rú báyìí, ẹni tó ra "ẹ́síbò", ìyẹn ìdáhùn A, B, C, D tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ ṣáájú ìdánwò, ti ra ìwé tí kò wúlò, wọ́n sì lè fagi lé èsì rẹ̀ pátápátá. Owó yẹn, ẹ fi ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá.

Fóònù tó ń ya àwòrán ìbéèrè tó sì ń mú ìdáhùn jáde ńkọ́?

Kó kọ́kọ́ dá a ṣe tán, kó wá fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yí i padà, kò kọ́ nǹkan kan.

Èmi ò kàwé. Kí ni mo lè ṣe fún ọmọ mi?

Ìyá àgbà, ẹ lè ṣe púpọ̀. Ẹ ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ ọjọ́ náà fún yín ní Yorùbá, kí ẹ sì máa bi í pé "kí ló dé?" Ibi tó bá ti ń lọ́ tìkọ̀, ibẹ̀ ni kò yé e, ibẹ̀ ni kó lọ bi olùkọ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹ fi owó àjọ yín hàn án, ẹ ní kó bá yín ṣírò ẹni tó kàn àti iye tó kù. Bó bá gba 30 wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ bi í pé ìbéèrè wo ló gbà.

SS3 ni ọmọ mi wà, ìdánwò ti sún mọ́lé. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n kó mọ ibi tí máàkì wà. Ìwé kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan ààbọ̀. Ìwé kejì jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀: apá kìíní ní ìbéèrè márùn-ún tí kò le púpọ̀, gbogbo wọn ni dandan, máàkì 40 sì ni wọ́n, apá kejì ní mẹ́jọ, kó mú márùn-ún fún máàkì 60. Apá kìíní yẹn ni kó kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kó mú ìbéèrè apá kìíní ọdún kan, kó gbé aago síwájú, kó ṣe é láìwo ìwé. Kó kọ àkọlé iṣẹ́ tó ṣòro fún un sórí ìwé kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó ṣe ọdún mìíràn, kó sì fi bírò pa iṣẹ́ tó ti mọ̀ rẹ́ lára ògiri náà.

Ọmọ SS2 tí mo sọ lókè ti gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Àkọlé mọ́kànlá ló wà lára ògiri rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku mẹ́fà.