Ọmọ tó ń béèrè ibi tí ayé parí sí

Kò sí olùkọ́ tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé tó jìnnà sí ìgboro tí wọn ò tíì bi ní irú ìbéèrè yìí: "Tí èèyàn bá ń rìn, tí kò dúró, ibo ló máa já sí?" Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó gbé máàpù kọ́ ògiri, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ olú ìlú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fún wọn. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin, ìbéèrè wọn á sì wà níbi tó wà. Lójú tèmi, kì í ṣe orúkọ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ó fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, bó ṣe tóbi tó, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń jẹ́ ju ọmọ tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ. Ẹ wá okùn tó gùn ní mítà 10, kí àwọn ọmọ fi wọn ojú ọ̀nà nígbà 100. Kìlómítà kan nìyẹn. Kí wọ́n wá rìn ín, kí ẹnì kan máa wo aago. Àgbàlagbà tó ń rìn geere máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá ti mọ tiwọn, ẹ sọ fún wọn pé téèyàn bá yí ayé po, nǹkan bíi 40,000 kìlómítà ni, kí ẹ sì fi ìṣirò tó kù sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́, tí kò sinmi ọjọ́ kankan, á lò ju ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ibo ló sì máa já sí? Ibi tó ti gbéra náà ni.

Ọmọ tó já fáfá á ti dá yín dúró: "Òkun ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Tí a bá pín ojú ayé sí ọ̀nà 100, omi òkun gba nǹkan bíi 71 níbẹ̀. Ìtàn àwọn atukọ̀ Ferdinand Magellan wúlò níbí. Ọkọ̀ 5 ló gbéra ní Sípéènì lọ́dún 1519. Wọ́n pa Magellan fúnra rẹ̀ ní Philippines lọ́dún 1521. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, Victoria, ló yí ayé po dé ilé, èèyàn 18 péré ló sì bá a gúnlẹ̀ lọ́dún 1522. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n yà ní erékùṣù Cape Verde lójú ọ̀nà àbọ̀. Wọ́n ti ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ láìfo ọ̀kan, Ọjọ́rú ló sì wà nínú ìwé wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni. Odidi ọjọ́ kan ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé e lọ sílé, kí wọ́n fi jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù àti tọ́ọ̀ṣì ti tó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì kékeré kan sára bọ́ọ̀lù, ẹ ti fèrèsé, kí ọmọ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, kí èkejì máa yí bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Àmì náà á wọnú ìmọ́lẹ̀: ilẹ̀ mọ́. Á kọjá sí ẹ̀yìn: ilẹ̀ ṣú. Ẹ wá fi àmì mìíràn sí òdìkejì, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe nígbà tí àwa wà ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ayé ń yí po ní wákàtí 24, ìyẹn dígíríì 15 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń bá oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bíi ti Victoria, máa rí òwúrọ̀ tó fi ẹyọ kan dín sí ti àwọn tó dúró sílé. Ọmọ kan lè ní tọ́ọ̀ṣì lòun fẹ́ gbé yí bọ́ọ̀lù ká. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀sán àti òru á ṣì rí bákan náà, ó sì wà lára ìdí tó fi pẹ́ kí aráyé tó gbà pé ayé ló ń yí.

Ta ló wá wọ̀n ọ́n? Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ní Alexandria ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Ó gbọ́ pé ní Syene, tí à ń pè ní Aswan lónìí, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tàn dé ìsàlẹ̀ kànga lọ́jọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún. Ní Alexandria, ọ̀pá tó dúró ṣánṣán ní òjìji lọ́jọ́ kan náà, oòrùn sì fi ìdá kan nínú 50 òbìrí yẹ̀ kúrò lókè orí. Ó sọ ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì di ìlọ́po 50. Èsì rẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí èyí tí a mọ̀ lónìí.

Ọ̀pá kò wọ́n. Ẹ ri ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ máa gbé òkúta sí ṣóńṣó òjìji rẹ̀ ní gbogbo ìdajì wákàtí. Òjìji tó kúrú jù ló ń sọ ọ̀sán gangan. Tí ẹ bá ní olùkọ́ ọ̀rẹ́ tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí àríwá tàbí gúúsù yín, kí òun náà ri ọ̀pá lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi fóònù pàṣípààrọ̀ ìwọ̀n. Láti orí èyí, àwọn ọmọ á lè fi ọwọ́ ara wọn ṣírò ayé.

Máàpù lè wá dé báyìí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi bébà wé bọ́ọ̀lù láìjẹ́ kó ká jọ. Kò ní ṣeé ṣe. Ẹ wá fi Greenland hàn wọ́n lórí máàpù onílànà Mercator, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ya ayé sórí bébà pẹlẹbẹ, tó ti wà láti ọdún 1569: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 14 tóbi jù ú lọ. Ó dára kí ọmọ tètè mọ̀ pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ṣeé yẹ̀ wò. Tí abúlé yín kò bá sí lórí máàpù, kí wọ́n yà á fúnra wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará ìgboro kò ní: òkùnkùn tó dára. Ní ọ̀pọ̀ ibi, téèyàn bá jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí, ó lè rí International Space Station (ISS), ibùdó tí àwọn awòràwọ̀ ń gbé ní gbalasa òfurufú, tó ń kọjá lókè, ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣẹ́jú, tó ń lọ geere. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀, ó sì ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Nǹkan bí 400 kìlómítà ló fi ga. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà wà, arìnrìnàjò wa tó ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ á débẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òṣùpá ńkọ́? Ọdún 35.

Ní ti àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè, ẹ wá ẹnì kan lábúlé tó ti rìnrìn àjò rí: awakọ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó ti ṣe òwò lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo, bí àpẹẹrẹ, bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣeré níbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé gíga àti ọkọ̀ olówó ńlá ni a ó máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìbéèrè tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó bi í. Kò dìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà kẹ́ ẹ tó wádìí: ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kiwix ń jẹ́ kéèyàn gbé Wikipedia sínú fóònù, kó sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fáìlì rẹ̀ lè tóbi gan-an, nítorí náà ẹ wà á jáde nígbà tí ẹ bá ṣì wà nígboro, kí ẹ sì ṣí i wò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.