Inside No. 9 àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀

Inside No. 9 ni ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n tí Steve Pemberton àti Reece Shearsmith kọ, tí àwọn fúnra wọn sì ṣeré nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìpín rẹ̀. Ìkànnì BBC Two ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e sáfẹ́fẹ́ láti ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2014 títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ni, ìpín 55 ló sì wà nínú rẹ̀ lápapọ̀. Ikú, ẹ̀bi, ìwà ìkà àti àṣírí inú ilé ni ètò náà fi ń pani lẹ́rìn-ín, irú àwàdà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè ní dúdú. Yorùbá náà mọ irú rẹ̀, torí a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Ohun tó mú àwọn olólùfẹ́ ètò yìí yàtọ̀ ni pé wọn kì í wo ìpín kan lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n á padà wò ó, wọ́n á sì máa tú u wò bí ẹni ń tú àlọ́ àpamọ̀.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ní Bretton Hall, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yorkshire, ni Pemberton, Shearsmith àti Mark Gatiss ti mọra. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú Jeremy Dyson ló di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní The League of Gentlemen. Ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bùn àwàdà Perrier ní Edinburgh ní 1997, wọ́n ṣe ètò lórí rédíò lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tó sì di oṣù Kìn-ín-ní 1999, wọ́n dé orí tẹlifíṣọ̀n. Royston Vasey ni wọ́n pe ìlú inú eré wọn. Hadfield ní Derbyshire ni wọ́n ti ya ìgboro ìlú náà, àwọn olólùfẹ́ sì máa ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ láti fojú ara wọn rí i. Àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú eré náà ni Edward àti Tubbs, tọkọtaya tó ní ṣọ́ọ̀bù lórí òkè tó dá páropáro, tí wọ́n gbà pé ará ìlú nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ọjà lọ́wọ́ àwọn. Àlejò tó bá ṣìnà wọlé lè má jáde mọ́. Ẹ̀fẹ̀ lòdì sí ìbẹ̀rù àjèjì ni, ó sì gún régé tó fi jẹ́ pé gbólóhùn tọkọtaya yìí nípa ṣọ́ọ̀bù ìbílẹ̀ fún àwọn ará ìbílẹ̀ di àfiṣàwàdà káàkiri Brítéènì.

Ní ọ̀wọ́ kẹta, ọdún 2002, wọ́n yọ ẹ̀rín òǹwòran kúrò nínú ohùn ètò náà. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣí ọ̀nà fún ohun tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn eré, òǹwòran nìkan ni yóò dá ara rẹ̀ lóhùn bóyá ohun tó ń wò pani lẹ́rìn-ín tàbí ó bani lẹ́rù. Pemberton àti Shearsmith wá ṣe ètò àwàdà mìíràn, Psychoville, láàárín 2009 sí 2011. Ìpín kan nínú rẹ̀ wáyé nínú yàrá kan ṣoṣo, tí kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró rárá. Ìpín yẹn ni àwọn méjèèjì tọ́ka sí pé ó bí Inside No. 9.

  

Bí wọ́n ṣe hun ìpín kọ̀ọ̀kan

Ìpín kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìtàn tuntun ni, àwọn ènìyàn tuntun, ibi tuntun. Nọ́ńbà 9 nìkan ló so gbogbo wọn pọ̀: ó lè jẹ́ nọ́ńbà ilé, yàrá òṣèré, tàbí yàrá ìsùn nínú rélùwéè, nínú Diddle Diddle Dumpling, ìwọ̀n bàtà ni, bàtà ẹsẹ̀ kan tí ọkùnrin kan rí he lójú títì tó sì gbà á lọ́kàn débi pé ìgbésí ayé rẹ̀ dojú rú. Ìpín àkọ́kọ́, Sardines, wáyé nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Àwọn ènìyàn tó wá síbi àpèjẹ àdéhùn ìgbéyàwó ń ṣeré ìfarapamọ́ kan nínú èyí tí ẹni tó bá rí ẹni tó sá pamọ́ yóò dara pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ń kún ni ẹ̀rín ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n dá sí àwọn ọmọdé ń yọjú díẹ̀díẹ̀.

Òfin tí wọ́n fi de ara wọn lọ́wọ́ ni àwọn olólùfẹ́ máa ń yìn jù. A Quiet Night In (2014) fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan: kólékólé méjì ń gbìyànjú láti jí àwòrán kan nínú ilé ńlá nígbà tí onílé wà nínú ilé. Once Removed (2018) bẹ̀rẹ̀ láti òpin, ó ń padà sẹ́yìn. Zanzibar, lọ́dún kan náà, jẹ́ ewì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kà sí ọ̀gá nínú wọn ni The 12 Days of Christine (2015). Ẹni tí kò bá tíì wò ó lè fo ìpínrọ̀ yìí. Sheridan Smith ló ṣe Christine, obìnrin tí à ń rí ní ọjọ́ méjìlá nínú ayé rẹ̀: ìfẹ́, ìgbéyàwó, ọmọ, ìkọ̀sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò ń yọ sí i lójijì nínú ilé, a ò sì mọ ohun tó ń wá. A rò pé ìwin ni. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìpín náà parí ni a mọ̀ pé inú jàǹbá ọkọ̀ ni Christine wà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń lọ tí ayé rẹ̀ fi ń kọjá níwájú rẹ̀. Ní ìwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù mọ́ nínú ọkùnrin ẹlẹ́wù òjò yẹn. Àánú ló kù. Nǹkan díẹ̀ ló wà nínú àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n tó lè yí ìtumọ̀ padà lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.

Ehoro àti àdììtú

Nínú gbogbo ìpín, ère ehoro kékeré kan wà níbì kan. Ìgbà mìíràn ó hàn gbangba lórí pẹpẹ. Ìgbà mìíràn kámẹ́rà á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Wíwá ehoro ti di iṣẹ́ fún àwọn olólùfẹ́: wọ́n á dá fídíò dúró, wọ́n á yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò, wọ́n á sì fi han ara wọn. Àǹfààní àṣà yìí ju eré lọ, nítorí ẹni tó ń wá ehoro kò ní ṣàì rí àwọn àmì mìíràn tí àwọn òǹkọ̀wé ti rì mọ́ inú ilé náà.

The Riddle of the Sphinx (2017) ni wọ́n fi san irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ lẹ́san. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Cambridge tó máa ń ṣe àdììtú ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn, irú èyí tí à ń fi lẹ́tà kún àpótí rẹ̀, ló gba ọmọbìnrin kan lálejò lóru. Nina ni ọmọbìnrin náà pe ara rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ta àdììtú, Nina sì ni orúkọ ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sínú àpótí. Àdììtú inú eré náà jáde ní tòótọ́ nínú ìwé ìròyìn The Guardian lọ́jọ́ tí ìpín náà lọ sáfẹ́fẹ́. Pemberton ló ṣe é.

Ẹ̀tàn orí afẹ́fẹ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2018, BBC Two gbé ìpín kan, Dead Line, sáfẹ́fẹ́ ní tààrà fún ọdún Halloween. Kò pẹ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Atọ́kùn ìkànnì tọrọ àforíjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún A Quiet Night In gbé. Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà á gbọ́, wọ́n sì pa tẹlifíṣọ̀n wọn. Àwọn tó dúró rí i pé àwòrán kámẹ́rà ìṣọ́ gé ìpín àtijọ́ yẹn, tó fi Pemberton àti Shearsmith hàn nínú yàrá òṣèré: ohùn tó ń já àti àtúngbé náà wà lára eré, ìwin ló wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ya eré. Láàárín eré náà Shearsmith mú fóònù rẹ̀, ó béèrè lórí Twitter bóyá òun àti Pemberton ló wà lórí BBC Two báyìí, ìbéèrè náà sì yọ lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù àwọn tó ń tẹ̀ lé e.

Ní 2023 wọ́n tún ṣe é. BBC kéde ìpín kan tó ń jẹ́ Hold On Tight!, ìtàn inú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àwòrán àwọn òṣèré rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà dé, ètò ìdíje ìbéèrè kan tí Lee Mack ń darí, 3 by 3, ló yọ dípò rẹ̀. Ètò ìdíje yẹn gan-an ni ìpín náà.

Àríyànjiyàn

Nínú The League of Gentlemen, ojú tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun ni Papa Lazarou, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú eré náà, ní. Ní oṣù Kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, Netflix yọ ètò náà kúrò. BBC fi í sílẹ̀ lórí iPlayer, ibi tí wọ́n ti ń wo ètò rẹ̀ lórí ayélujára. Àlàyé Shearsmith ni pé aláwàdà sákọ́ọ̀sì ni Papa Lazarou jẹ́, pé kì í ṣe ènìyàn dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìtàn eré náà. Síbẹ̀ BBC yìí kan náà gbé The Black and White Minstrel Show, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń kun ojú, sáfẹ́fẹ́ láti 1958 di 1978. Aláwọ̀ dúdú tó dàgbà sí Brítéènì lásìkò yẹn kò lè ṣàì rántí rẹ̀ bó bá rí ojú náà.

Ẹ̀bùn àti òpin

Pemberton gba BAFTA, ẹ̀bùn ńlá fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní Brítéènì, gẹ́gẹ́ bí òṣèré àwàdà ní 2019, ètò náà sì gba ti àwàdà oníwèé-eré ní 2021.

Ìpín tó kẹ́yìn, Plodding On, wáyé níbi àpèjẹ ìparí iṣẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ti ṣe ara wọn, tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú, tí ọ̀pọ̀ òṣèré tó ti kópa láti ọdún mẹ́wàá sì ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 wọ́n gbé ètò náà lọ sórí ìtàgé Wyndham's Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pè é ní Stage/Fright. Orí ìtàgé kò ní bọ́tìnì tí òǹwòran lè fi dá eré dúró láti wá ehoro.