Mi ò kì í báàyàn wáṣẹ́ o

Sátidé tó kọjá mo lọ ra iṣu lọ́jà Jagun n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, bí mo ṣe ń dúnàádúrà lọ́wọ́ ni ìyá kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì di apá mi mú, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò wa ṣeun o, látoṣù kẹta lẹ ti gba sífíì tí ọmọ mi fi ń wáṣẹ́, ẹ ò tiẹ̀ pè é, ṣé ẹ ò ríṣẹ́ kankan bá a wá ni?" Mo ní "Màmá, ẹ má bínú, màá padà yẹ̀ ẹ́ wò." Ohun tí mi ò lè sọ láàárín ọjà ni pé mi ò bá ọmọ wọn wáṣẹ́ rí, ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò kì í báàyàn wáṣẹ́. Èèyàn ni mò ń wá fún àwọn tó níṣẹ́.

Ó jọra létí, àmọ́ wọn ò jọra rárá. Bó ṣe ń lọ rèé. Ọ̀gá kan á pè mí pé òun ń wá akáǹtáǹtì tàbí ẹni táá máa bójú tó stóò, a ó jọ sọ iye tó máa san fún mi, lọ́dọ̀ tèmi iye owó oṣù kan ẹni tá a bá gbà ni, mi ò sì ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó bá tún lọ sá kúrò kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni màá wá ẹlòmíì dípò ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá ló ń sanwó, ojú ọ̀gá ni mò ń wò. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi sífíì ránṣẹ́, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ariwo ọjà.

Kò dùn ún gbọ́, mo mọ̀, àmọ́ tó bá ti yé yín báyìí, gbájúẹ̀ kankan ò ní rí yín mú mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó tírénìn, owó aṣọ iṣẹ́, ẹ bi í pé ta lọ̀gá ẹ̀. Tó bá jẹ́ àpò yín ló ti ń jẹun, kò sí ọ̀gá kankan níbì kan, ẹ̀yin gan-an niṣẹ́ tó rí ṣe. Kì í ṣèmi nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ o, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ILO ti fi í sínú àdéhùn wọn nọ́ńbà 181 látọdún 1997 pé ẹni tó ń wá èèyàn síṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi ìwọ̀nba ibi tí ìjọba bá ti yọ̀ǹda ẹ̀, òfin iṣẹ́ tiwa náà sì ní kéèyàn gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà kó tó máa bá ẹlòmíì gbààyàn síṣẹ́. Ìjọba fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ ò rántí ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014 ni, iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n? ₦1,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n wá kó wọn sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọmọ ọlọ́mọ kú sábẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn l'Ábùjá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin.

Èyí tó wọ́pọ̀ níbí báyìí ni tẹ́síìtì òjijì, "wọ́n ti mú yín fún íńtáfíù, ẹ wá lágogo mẹ́sàn-án", nígbà tẹ́ ò tiẹ̀ kọ̀wé síbì kankan. Ẹ débẹ̀, gbọ̀ngàn ti kún, gbogbo èèyàn ti de táì, ẹnì kan á wá máa ya róbótó-róbótó sójú pátákó, pé ẹ mú èèyàn méjì wá, kí àwọn méjì náà mú méjì wá. Ẹ dìde, ẹ máa lọlé. Iṣẹ́ tẹ́ ò bèèrè fún kì í pe èèyàn wá sí íńtáfíù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n wá sọ tiwa. Nǹkan tó ń dà mí lórí rú jù láyé ìsinsìnyí ni sífíì tí ẹ̀rọ kọ. Látìgbà tí ChatGPT ti jáde níparí ọdún 2022, kò sẹ́ni tí ò mọ̀wé kọ mọ́. Màá gbé ìpolówó sékítírì iléèwé kan sórí WhatsApp lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ fóònù ti gbóná, sífíì ti tó igba, gbogbo ẹ̀ sì dà bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn, gbogbo wọn ló jẹ́ results-driven, gbogbo wọn ló fẹ́ràn kí wọ́n máa báàyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun optimise ọjà inú stóò ní ilé búrẹ́dì tóun ti ṣiṣẹ́, mo bi í pé kí nìyẹn, ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní "Sà, mò ń to páálí ni." Mo ní háà, ẹni tó ń to páálí gan-an ni mò ń wá! Páálí mélòó lójúmọ́, ta ló ń kà á, tọ́jà bá dín ńkọ́, ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ geere, pé èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé jáde kó má baà bu, pé òun ní ìwé kékeré kan tóun máa ń kọ ọ́ sí. Òun ló gba iṣẹ́ náà. Bó bá kọ páálí síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ǹ bá ti tètè pè é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá l'Ékòó kì í fojú ka gbogbo sífíì, ẹ̀rọ ló ń bá wọn sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, á máa wá ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó bóyá ó wà nínú ìwé tiyín. Torí ẹ̀, ẹ má ya fọ́tò sífíì fi ránṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn ò lè ka fọ́tò, PDF ni kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ yín sọ ọ́ lórúkọ, "my cv new final 2" ò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ sì má rò pé ẹ̀rọ ò lójúsàájú. Amazon l'Ámẹ́ríkà gbìyànjú irú ẹ̀ kan, sífíì ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń gbà bọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ni ẹ̀rọ náà bá ń dín máàkì ẹni tó bá ti kọ "women's", ìyẹn tàwọn obìnrin, sínú ìwé ẹ̀, ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n ti pa á tì nígbà yẹn.

Àwọn ọ̀gá gan-an ńkọ́, àwọn tí mò ń wojú wọn? Ọ̀kan wá bá mi lọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ gíráadì tí ò ju ọdún 25 lọ, tó ti ní ẹ̀spíríẹ́ǹsì ọdún márùn-ún. Mo mú bébà. Mo ní alàgbà, ọmọ wọ LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, lọ́mọ ọdún 18, kọ́ọ̀sì ọlọ́dún márùn-ún ni, ó di 23. Ẹ fi sáà tí wọ́n ti iléèwé yẹn pa kún un, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ kó tó di pé Ọ̀yọ́ nìkan gbà á ní 2020. Ẹ fi ọdún kan kọ́pà kún un. Ẹ̀spíríẹ́ǹsì ọlọ́dún márùn-ún yẹn, ṣé inú ìyá ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sún ọdún náà sí 30, ìyẹn náà dáa.

Tá a bá wá dórí owó, ẹ̀rín á tán. ₦70,000 lowó oṣù tó kéré jù lọ látọdún 2024, ìjọba Ọ̀yọ́ ní òun á máa san ₦80,000 fún òṣìṣẹ́ tiẹ̀, àmọ́ òfin yẹn ò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, iléèwé aládàáni, ilé búrẹ́dì, kẹ́míìsì. Ìdajì iye yẹn ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ san. Látìgbà tí owó epo sì ti gbẹ́nu sókè ní May 2023, ẹni tó ń gbé ìlú Ọ̀yọ́ ò lè máa wá ṣiṣẹ́ níbí lójoojúmọ́ mọ́, ààbọ̀ wákàtí kọ́ nìrìn àjò yẹn, owó ọkọ̀ á jẹ owó oṣù tán kí oṣù tó parí. Ọ̀gá á wá ní ọmọ ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ. Irọ́ ni jàre. Ọmọ tí wọ́n ń pè lọ́lẹ yẹn wà nínú yàrá ẹ̀ ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń bá òyìnbó kọ kóòdù lóru, dọ́là ló ń gbà, ta ló fẹ́ lọ fún ₦35,000?

Ọ̀rọ̀ onídùúró ló wá ń dùn mí. Ọ̀gá á ní dandan ni kónídùúró jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kó wà ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 10 sókè, kó ní ilé tiẹ̀. Ó nídìí, ẹni tó bá fẹ́ di owó mú gbọ́dọ̀ ní ẹni tá a lè lọ bá, èmi náà máa ń lọ wo ilé onídùúró fúnra mi, mo ti dé ilé kan ládùúgbò Caretaker rí tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni "bàbá ìyàwó" tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù, fílà ni wọ́n fi bo ojú ẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin kan wá ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àgbẹ̀ ni bàbá ẹ̀ lápá Ṣakí, kò mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kankan láyé yìí, òun ló sì yege jù nínú ìdánwò tí mo ṣe fún wọn. Ó mú olórí àdúgbò wọn wá, ó mú pásítọ̀ wá, ọ̀gá ní òun ò gbà. Mi ò bá a jà. Mo yọ orúkọ ẹ̀, mo fi ti ẹni tó ṣìkejì ránṣẹ́, mo gbowó mi. Látìgbà yẹn mo máa ń bá ọ̀gá sọ ọ́ kí n tó gbaṣẹ́ pé onídùúró tó bá ṣeé rí, tó nílé tá a mọ̀, ó tó, ẹni tí ò bá gbà, kó lọ wá ẹlòmíì táá bá a wá èèyàn. Ọ̀gá méjì ti lọ.

Nípa àìpeni padà tí gbogbo yín ń bú mi sí, òótọ́ ni, mi ò lágbára àtipe igba èèyàn, nígbà míì sì rèé ọ̀gá ti yí ọkàn padà, ó ti fọmọ àbúrò ẹ̀ síbẹ̀, ojú á wá máa tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ á ní ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè á dé, fóònù á kú.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ ọjà yẹn mo ṣí fáìlì, mo wá sífíì ọmọ ìyá náà kàn. Ó dáa gan-an, ó mọ kọ̀ǹpútà, Masífà ló ń gbé, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń wá èèyàn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀, kò lọ. Mo tún un tẹ̀, kò lọ. Mo wá kà á ní ení, èjì. Mẹ́wàá ni.