Ara tó le ò ní kí àìsàn òkè má mú èèyàn

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Manchester fi ètò ìrìn-àjò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta fẹ́ lọ gba Thorong La, ọ̀nà kan tó gba orí òkè gíga kọjá ní Nepal, lóṣù kẹwàá. Inú mi kọ́kọ́ dùn torí mo ti gba ibẹ̀ rí, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ ni àyà mi ń já. Ọjọ́ kìíní, Kathmandu sí Besisahar. Ọjọ́ kejì, jíìpù tààrà dé Manang. Ọjọ́ kẹta, Thorong Phedi. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti sọdá. Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní ṣó o mọ̀ pé abúlé Manang tó o fẹ́ fi jíìpù dé yẹn nìkan fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà ga ju Chappal Waddi lọ, tó jẹ́ òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, mo ti sá marathon méjì lọ́dún yìí, jíìmù ni mo máa ń wà láràárọ̀, kí ni òkè fẹ́ fi mí ṣe?"

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ èyí, torí kì í ṣe òun nìkan ló gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àìsàn òkè gíga, ìyẹn èyí tó ń mú ẹni tó bá yára gun ibi tó ga gan-an, àwọn àgbàlagbà, àwọn tó sanra, àwọn tó ń fa sìgá, àwọn tí kì í ṣe eré ìdárayá ló ń mú, pé tí ara èèyàn bá ti jí pépé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le, tí èémí ẹ̀ gùn, ó ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Eré ìdárayá á jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín lè rìn, kí orúnkún yín má dá yín lóró nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó dáa gan-an, ẹ ṣe é. Àmọ́ ní ti àìsàn òkè, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pinnu ẹni tó máa mú ni bí ibi tẹ́ ẹ sùn ṣe ga tó, bẹ́ ẹ ṣe yára débẹ̀ tó, àti bí Ọlọ́run ṣe dá ara kálukú, ìyẹn ò sì sí ẹni tó lè fojú wò ó.

Ẹ wo Martina Navratilova, obìnrin tó gba ife ẹ̀yẹ Wimbledon fún eré ẹlẹ́nìkan nígbà mẹ́sàn-án. Ní December 2010 ó ń gun Kilimanjaro, kò débi tó ń lọ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, àwọn aláàárù ló gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó di ọsibítù ní Nairobi. Edmund Hillary náà tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Everest lọ́dún 1953, ní 1961 tó lọ sí òkè Makalu, àìsàn ló dá a padà. Ta ló wá le ju àwọn yẹn lọ nínú àwa tá à ń lọ jíìmù?

Ẹ jẹ́ n fi kóńgò gàárì ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ọ́síjìn lókè níbẹ̀, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀ o. Láti etíkun Èkó títí dórí Everest, tá a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 21 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ọ́síjìn, kò yí padà. Ohun tó ń yí padà ni bí afẹ́fẹ́ ọ̀hún ṣe kì tó. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló ń tẹ tìsàlẹ̀ mọ́ra, bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè ni èyí tó ń ti òkè tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi máa dé nǹkan bíi 5,500 mítà, ó ti ku ìdajì. Thorong La jẹ́ 5,416 mítà. Kóńgò kan náà ni, gàárì kan náà ni, àmọ́ ìyá oní-gàárì ò kún un fún yín mọ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá mí, ìdajì kóńgò ló ń wọ̀n fún yín. Èèyàn lè ní ẹ̀dọ̀fóró bíi ti ẹṣin, ìdajì ló ṣì máa gbà.

Ara wa mọ ohun tó máa ṣe sí i, ọjọ́ ló kàn ń gbà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé á máa mí kíákíá, á máa mí jinlẹ̀, kó lè fi iye ìgbà dípò ìdajì tó sọnù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń mí báyẹn, ẹ tún ń tú gáàsì tí à ń mí síta dànù jù, ẹ̀jẹ̀ ò wá ní kan tó bó ṣe yẹ kó kan, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí ẹ dín mímí kù. Àfi ìgbà tí kíndìnrín bá tó fi ìtọ̀ da èyí tó dà bíi kán-ún nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn nù ni ara á tó lè mí bó ṣe fẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ara á tún pèsè, ọ̀sẹ̀ ló ń gbà. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ni wọ́n ń kọ́ ní jíìmù? Kíndìnrín ẹni tó ń sá marathon ò yára ju ti ìyá mi lọ. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tá a bá fi agbára mú ní í le koko, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá nǹkan mu tó lórí òkè.

Kódà ẹni tí ara ẹ̀ le gan-an ló máa ń kó sí wàhálà jù nígbà míì, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè gbé e débi tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tíì ṣe tán láti dé. Lọ́dún tí mo lọ, ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣíwájú wa, a ò ní rí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ títí ọ̀sán. Màmá kan náà wà níbẹ̀ tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ejò tó ń gun àgbọn, gbogbo èèyàn ló ń kọjá lára wọn. Ní Yak Kharka, nǹkan bíi 4,050 mítà, orí ń fọ́ ọmọkùnrin yìí látàárọ̀ kò sì sọ fún ẹnì kankan, ojú ń tì í, ó lo oògùn orí fífọ́, ó ń lọ. Nígbà tó dalẹ́ ó ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, kò mọ ọjọ́ tí a wà. Gáìdì wa ní kó rìn lórí ìlà kan, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kò lè rìn ín, ó ń ta gọ́n-ọ́n-gọ́n bí ẹni mu ẹmu. Òru yẹn náà ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí Manang, wọn ò dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lara ń yá sí i. Màmá yẹn sọdá, wọ́n sì jẹun yó ní Muktinath lódìkejì òkè.

Nítorí náà ẹ mọ àmì ẹ̀. Orí fífọ́, kí oúnjẹ má wu èèyàn, èébì, kó rẹ èèyàn ju bó ṣe yẹ, òòyì. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá bá orí fífọ́ rìn lókè, ẹ gbà pé àìsàn òkè ni títí ẹ óò fi rí ohun míì, ẹ má gòkè sí i, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Tí kò bá dẹwọ́ tàbí tó ń le sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó lè wá le di oríṣi méjì tó burú jù. Ti ọpọlọ tó ń wú ni ti ọmọkùnrin yẹn, ẹni tí kò lè rìn tààrà mọ́, tó ń sọ kántankàntan. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí èémí ẹ̀ ò tó o, tó ń wúkọ́, tó ń gbọ́ nǹkan tó ń hó láyà. Méjèèjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan, oògùn tó sì ju gbogbo oògùn lọ fún wọn ni ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó ń ṣe sílẹ̀ kó dá sọ̀ kalẹ̀ o.

Wọ́n á sọ fún yín nípa oògùn kan tó ń jẹ́ Diamox. Ó wúlò, ìyẹn ò sì bo àìsàn mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń rò, kíndìnrín ló ń bá ṣe iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan kó lè yá, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi máa ń gbọ̀n yín, tí ọwọ́ á máa ta yín ṣìnrìnṣìnrìn. Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó lò ó, pàápàá tí oògùn sulfa bá máa ń gbòdì lára yín. Àmọ́ kò dípò ọjọ́. Ọbẹ̀ aáyù tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé àlejò ọ̀nà yẹn, ẹ mu ún, ó dùn, ó gbóná, kì í ṣe oògùn. Ọtí àti oògùn oorun, ẹ yàgò fún un, wọ́n ń dín mímí kù lóru, òru náà sì nìgbà tí ọ́síjìn ara máa ń kéré jù.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi rèé. Ó gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ kó tó ka agbára. Ìlànà táwọn dókítà òkè ń lò ni pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ, kẹ́ ẹ sì sùn síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ lè rìn lọ sókè lọ́sàn-án, ibi tẹ́ ẹ sùn ló ń ka. Jíìpù tó ti ń dé Manang báyìí ló wá ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, torí èèyàn á kúrò ní Besisahar tí kò tó 1,000 mítà láàárọ̀, á sùn ní 3,540 lálẹ́, ara ò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Mo ní kí wọ́n sùn ní Dharapani, kí wọ́n sùn ní Chame, kí wọ́n sùn ní Pisang ti òkè, kí wọ́n wá sùn ní Manang lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú ọjọ́ Manang yẹn, kí wọ́n gun òkè lọ síbi adágún tí wọ́n ń pè ní Ice Lake, nǹkan bíi 4,600 mítà, kí wọ́n sì padà wá sùn sísàlẹ̀. Himalayan Rescue Association tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 ní ilé ìtọ́jú ní Manang, lásìkò tí àlejò máa ń pọ̀, dókítà máa ń jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá wá, kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà Yak Kharka, lẹ́yìn náà Thorong Phedi, nǹkan bíi 4,500. Àwọn kan máa ń fẹ́ kúrò ní Yak Kharka lọ sùn ní High Camp tó wà lókè Phedi lọ́jọ́ kan náà torí ó jẹ́ kí ọjọ́ ìsọdá kúrú, ìyẹn ju 800 mítà lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò fara mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún, kí wọ́n gbéra, torí tó bá ti ń lọ sí ọ̀sán, afẹ́fẹ́ orí ibẹ̀ máa ń le burúkú.

Kí wọ́n tún fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ tí kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Ní October 2014, ìjì tó wá láti Íńdíà da yìnyín sórí ọ̀nà yẹn, èèyàn tó ju 40 lọ ló kú lágbègbè ọ̀hún. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ń lé, ó ṣòro fún un láti jókòó sí Phedi kó máa wo ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa gan-an, tí ẹnì kankan ò sì sọ fún mi kí n tó lọ. Jẹ́nótáìpù. Ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwa ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ AS, nílé kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àmọ́ níbi tí ọ́síjìn ti kéré báyẹn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AS lè tẹ̀ bíi dòjé, kó dí ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ìrora ẹ̀ á sì mú burúkú. Kì í ṣe gbogbo AS ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ máa ń gòkè kí wọ́n sì bọ̀ láyọ̀, àmọ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún gáìdì yín, tí ìhà òsì bá sì ń ro yín lókè, ẹ má pè é ní inú rírun lásán, ìsọ̀kalẹ̀ ló kàn. Ẹni tó bá jẹ́ SS, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ.

Ìyókù ò gba ariwo. Láti April 2023 ni ìjọba Nepal ti sọ pé àlejò gbọ́dọ̀ mú gáìdì tó ní láísẹ́ńsì. Ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ bá rà gbọ́dọ̀ sọ ní kedere pé òun dé 5,500 mítà ó kéré tán, pé òun sì máa sanwó hẹlikópítà. Ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, wọn kì í fún wa ní físà ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu bí wọ́n ṣe ń fún àwọn míì, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àbúrò mi pè mí padà lánàá. Ó ní nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni méjì ni kò tiẹ̀ mọ jẹ́nótáìpù ara wọn, wọ́n ti lọ fún àyẹ̀wò, ọ̀kan jẹ́ AS. Wọ́n ti fi ọjọ́ méje kún ètò wọn, ẹnì kan ò lè gba ààyè níbi iṣẹ́ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò bá wọn lọ mọ́ lọ́dún yìí. Ó ní inú ń bí i díẹ̀ sí mi.