Àgbàwí Aráàlú: Ohun Tó Jẹ́, àti Ilẹ̀kùn Tó Yẹ Ká Kàn

Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "alágbàwí" rí: ẹni tó dúró níwájú alágbára, tó ń bá aláìlágbára ro ẹjọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe là ń pè ní àgbàwí. Bí àwọn ará ìlú bá wá kó ara wọn jọ, tí wọ́n tọ ìjọba lọ pé kó tún ọ̀nà ṣe, kó ṣe òfin kan tàbí kó wọ́gi lé òmíràn, kó sọ ibi tí owó kan gbà lọ, àgbàwí aráàlú nìyẹn. Kò di dandan kí èèyàn wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kó tó ṣe é, kò sì di ìgbà ìbò.

Mo ń kọ èyí nítorí pé ní Àkúrẹ́ níbí, a mọ ìráhùn dáadáa, àgbàwí ni kò pọ̀ tó lọ́wọ́ wa. Ní Ọjà Ọba, nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Alágbàká, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, kò sí ọjọ́ tí a kì í sọ ti gọ́tà tó dí, ti iná, ti ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í dé etí ẹnì kankan tó lè ṣe nǹkan sí i. A kì í dárúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sọ pàtó ohun tí a fẹ́ kó ṣe, a kì í sì í dá ọjọ́ tí a ó padà wá gbọ́ èsì. Ìgbà tí a bá ṣe ìwọ̀nyí ni ìráhùn tó di àgbàwí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ìkángun òpópónà wa. Lọ́dún tó kọjá, òjò kan rọ̀ lóru, iyanrìn ti dí gọ́tà, omi kò ríbi gbà, ló bá ya wọ ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọjá láàárọ̀, ó ti tú àpò ẹ̀lùbọ́ méjì sórí tapólínì, ó ń fọwọ́ ṣa èyí tó ti lẹ̀ pọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì gbẹ. Kò sunkún. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ta là ń kọ̀wé sí lórí ọ̀rọ̀ omi?"

N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìpàdé onílé dé, a kọ̀wé sí gómìnà, ojú ìwé méjì gbáko, a sì kó gbogbo ìṣòro àdúgbò sínú rẹ̀, láti orí gọ́tà dé orí iná, dórí àwọn ọmọ tó ń mugbó lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. A kò mú ẹ̀dà kankan pa mọ́. A kò gbọ́ nǹkan kan, a kò sì lè bẹ́nikẹ́ni wí, torí pé àwa fúnra wa la kàn ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwa.

Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, òpópónà àti gọ́tà àdúgbò, títí dórí fífún òpópónà lórúkọ àti fífún ojúlé ní nọ́ńbà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera, àjọṣe ni pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Gírámà ìjọba àti ilé ìwòsàn ńlá, ti ìpínlẹ̀ ni. Ọ̀nà tó jáde láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì tàbí Iléṣà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé ìhò tó wà lórí rẹ̀ lọ sí káńsù kàn ń dára rẹ̀ lágara ni. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ni wọ́n ń gbé e lọ, àti sọ́dọ̀ sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin tí a rán lọ sí Àbújá.

Gọ́tà ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ti alága káńsù àti kánsẹ́lọ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 àti wọ́ọ̀dù 203, kánsẹ́lọ̀ ló sì ń ṣojú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo béèrè orúkọ tiwa ní ìpàdé, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, bíríkìlà kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, torí pé gbogbo wa tó jókòó níbẹ̀ la mọ orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà.

Àwọn kan á ní káńsù kò lówó. Ó yẹ ká mọ̀ pé lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àjọ orílẹ̀-èdè, ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dì í mú tàbí kó bá wọn ná an. Lójú tèmi, ìdájọ́ yìí ló yẹ kó mú wa máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ káńsù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé kejì tí a kọ, alága káńsù la kọ ọ́ sí, ojú kan ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. A kọ ibi tí gọ́tà náà wà, láti ilé wo dé ilé wo, ìgbà tó ti dí, ohun tó ti bà jẹ́, ohun tí a fẹ́: kí wọ́n kó iyanrìn rẹ̀, kí wọ́n sì tún ibi tó ya ṣe kí òjò tó dé. A fi fọ́tò mẹ́rin sí i. Àwọn ará àdúgbò fọwọ́ sí i, oníkálukú kọ nọ́ńbà ojúlé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀; ẹni tí kò mọ̀wé tẹ ìka. A fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀, a fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a sì mú ọ̀kan lọ fún olóyè àdúgbò, nítorí pé kí káńsù tó dáyé ni a ti ń gbé ẹjọ́ lọ sí ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sì bá wa dá sí kì í dà bí èyí tí a dá sọ.

Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ la jọ lọ sí káńsù. Ọmọbìnrin tó ń gba ìwé gba tiwa, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. "Ẹ máa lọ mà, ọ̀gá máa rí i."

Ìyá ò mira. Ó na ẹ̀dà kejì sí i. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa lu òǹtẹ̀ sí tiwa náà, ká lè rántí ọjọ́ tí a wá."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú òǹtẹ̀ jáde. Ó kọ déètì sí i, ó fọwọ́ sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò rí ìwé kankan. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo kọ síhìn-ín, ẹ má gbàgbé òǹtẹ̀ orí ẹ̀dà yín.

Ní ti òfin, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 26, ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Àbádòfin ni wọ́n ń pe òfin tí wọn kò tíì fọwọ́ sí. Wọ́n máa ń kà á nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn kíkà kejì, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lè pe ìjókòó ìta gbangba, tí wọ́n á kéde lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn pé kí aráàlú wá sọ èrò wọn. Ẹ kò ní láti jẹ́ lọ́yà kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìwé àbá lọ́wọ́. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òfin lórí owó tí àwọn oníṣòwò á máa san, ẹni tó dìde pé "òfin yìí kò dáa" ti sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kò fún ìgbìmọ̀ ní ohun tí wọ́n máa mú lọ. Ẹni tó ní, "Ẹ wo abala kẹta, ẹ yọ gbólóhùn yìí, ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀, ìdí rẹ̀ rèé," ìyẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọnú òfin. Bí ilé bá fọwọ́ sí i tán, gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé, ìyẹn èèyàn 18 nínú 26, lè sọ ọ́ dòfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Ìṣúná náà gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé òfin ní kí gómìnà gbé e wá síwájú ilé kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tó bá ń wá ilé ìwòsàn kékeré, tó wá dúró di oṣù Kejì kó tó kọ̀wé, wọ́n ti pín in tán kó tó dé. Àárín ọdún, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣì ń kó àbá jọ, ló yẹ kí ìwé yín ti wà lórí tábìlì.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni Òfin Òmìnira Ìròyìn. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì; wọ́n lè fi méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí tí wọ́n ní láti kàn sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá máa kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gba kóòtù lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí kóòtù bá rí i pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ₦500,000 ni owó ìtanràn. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Èyí tó wù mí jù nínú òfin náà ni pé ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, tàbí kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fún un ní ẹ̀dà. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lè dá lọ, láìsí èmi tí mo mọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ pé òfin Àbújá ni, pé kò de ìpínlẹ̀. Àkúrẹ́ wà lára ibi tí wọ́n ti já ọ̀rọ̀ yẹn. Akọ̀ròyìn kan béèrè ìwé àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ọdún 2012 sí 2014, kò rí i gbà, ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ẹ̀ka ti Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ náà ní òfin yìí de ìpínlẹ̀ bó ṣe de ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ka ti Benin sọ òdìkejì rẹ̀ nínú ẹjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ pé ó de gbogbo wọn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Káńsù yín wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ lè pe rédíò, OSRC tàbí Adaba, lórí ètò tí wọ́n ti ń gbọ́ ti aráàlú. Ó yá ju ìwé lọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ní ìwé olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ lè ka déètì rẹ̀ síta. Ẹ lè ṣe ìwọ́de ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀: abala 40 ìwé òfin fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì ti sọ lọ́dún 2007 pé kò di dandan ká gba ìyọ̀ǹda ọlọ́pàá. Ó ṣì dára kí ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n lè dáàbò bò yín. Pípe aṣojú padà wà nínú ìwé òfin náà, ṣùgbọ́n àwọn tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ, ìbò á sì tún tẹ̀ lé e. Ẹrù ńlá ni, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ìwé wa wọlé, kánsẹ́lọ̀ wá pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé téèpù lọ́wọ́. Wọ́n wọn gọ́tà láti ìkángun dé ìkángun, ọkùnrin náà ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé kékeré kan, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì kó iyanrìn kankan. Nítorí náà, a kọ ìwé mìíràn lọ́sẹ̀ yìí lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yìí, èló ni wọ́n ti ná, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún? Ẹ̀dà tiwa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, wà nínú nylon lábẹ́ kóńgò tí ìyá fi ń wọn ẹ̀lùbọ́. Ọjọ́bọ̀ la fi í sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló pé ọjọ́ méje.